Oníbàárà Tí Wọn Kò Dá Lóhùn: Àkọsílẹ̀ Ọjà Ọkọ̀ Àlòkù Kan

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti ń wa ọkọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò fúnra rẹ̀ ra ọkọ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá àwọn atajà dúnàádúrà nígbà ayé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, orúnkún ń dùn ún gan-an, àga onítaya sì ni wọ́n fi ń gbé e wọ ilé ìwòsàn. Ohun tó ń wá kò ṣòroó sọ: ọkọ̀ àlòkù tí kì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gíà rẹ̀, tí ìjókòó rẹ̀ ga díẹ̀ kí ìyá má baà máa tẹ orúnkún jù kó tó wọlé, tí bùùtù rẹ̀ sì gba àga náà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tó fẹ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ fún un.

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bá àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó. Òun ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọkọ̀ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi ni mò ń kọ èyí fún, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín obìnrin yìí àti ibi méjì tó ti wo ọkọ̀ fi ibi tí ọjà ti ń bọ́ lọ́wọ́ atajà hàn mí kedere. Kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ yín rò.

Ibi àkọ́kọ́ tí a lọ tóbi. Oríṣiríṣi ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fọ gbogbo wọn tí wọ́n ń dán. Àwa mẹ́ta la lọ: olùkọ́ náà, tí màá máa pè ní màmá, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, àti èmi. Atajà tó wá pàdé wa kí wa dáadáa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Láti orí kíkí yẹn lọ, kò kọjú sí màmá mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló gbájú mọ́: "Ọ̀gá, ẹ wo inú rẹ̀." "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń dún." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tilẹ̀ mọ ọkọ̀ wà. Ó kàn sin ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá ni.

Màmá béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà kẹ́yìn. Atajà rẹ́rìn-ín, ó dá ọ̀dọ́mọkùnrin lóhùn: "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò ní wàhálà kankan." Màmá béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ kejì wà. "Ọ̀gá, ìyẹn ò tó nǹkan." Ó béèrè bóyá àkọsílẹ̀ àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí ọkọ̀ náà wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Lásìkò yẹn, mo ti gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná. Wọ́n ti tan ọkọ̀ náà kí a tó dé. Tútù ló sì yẹ kí ẹni tó ń ra ọkọ̀ àlòkù bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀, torí ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ tan ọkọ̀ tó sùn mọ́jú ni àìsàn rẹ̀ máa ń yọjú: èéfín aláwọ̀ aró tó ń fi hàn pé ọ́ìlì ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, tí òórùn rẹ̀ dùn, tó ń sọ pé omi rédíétọ̀ ti ń wọ ibi tí kò yẹ, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo díẹ̀ kó tó dákẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, púpọ̀ nínú àwọn nǹkan yìí á ti fara pamọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù, ká padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Atajà ní ẹlòmíràn ń gbé owó bọ̀ wá rà á ní ìrọ̀lẹ́.

Mo so ẹ̀rọ ìyẹ̀wò mi mọ́ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ihò yìí, tí à ń pè ní OBD-II, di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996. Yúróòpù sì sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ní 2001. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kò ka àléébù kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe fún ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì parí. Bí èèyàn bá pa àkọsílẹ̀ àléébù rẹ́, àyẹ̀wò yẹn á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di ìgbà tí wọ́n bá tún wa ọkọ̀ náà dáadáa, lórí títì tó já geere àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó tó parí. Kọ̀ǹpútà tó ní òun kò rí nǹkan kan, nígbà tí kò tíì wò ó tán, kò tíì jẹ́rìí ẹnikẹ́ni. Rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì náà ti jẹ dé irin, awọ sítíárìn sì ti bó, bẹ́ẹ̀ mítà ń sọ pé ọkọ̀ náà kò tíì rìn púpọ̀.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún màmá lójú atajà. Mo máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń tà náà lè rí àyè fèsì. Màmá kò bínú. Ó kọjú sí atajà, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Wọ́n ní ẹ ti pa nǹkan rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yìí. Kí ló fà á?"

Atajà ní, "Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwa ọkùnrin."

Màmá pa ìwé rẹ̀ dé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yíjú padà. Nígbà tí atajà rí i pé ó ń lọ lóòótọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó. Bí a ṣe ń jìnnà sí i ló ń dín in sí i. Màmá kò dúró. Nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀ mi, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń sọ fún àwọn atajà láti ìgbà náà: "Mo lè fara mọ́ ọkọ̀ tó ní àléébù. Mo kàn fẹ́ mọ àléébù ọ̀hún ni. Ẹni tí kò lè dá mi lóhùn nígbà tí owó mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, kí ni yóò ṣe fún mi tí owó bá ti dọ́wọ́ rẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni ọjà ti bàjẹ́. Ọkọ̀ yẹn lè má burú. Bátìrì tí wọ́n bá yọ lásán, tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò, lè pa ìrántí kọ̀ǹpútà rẹ́ bákan náà. Bí atajà bá ti ní, "Mà, a pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, rìsíìtì rẹ̀ nìyí," ǹ bá ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Rọ́bà bíréèkì tó jẹ náà lè ní àlàyé. Ìbéèrè màmá jẹ́ ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un láti fi ọkọ̀ rẹ̀ hàn ní mímọ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Ní 1970, George Akerlof, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, fi ọjà ọkọ̀ àlòkù ṣàlàyé nǹkan kan tó wá sọ ọ́ di olókìkí. Òun àti àwọn méjì mìíràn ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Àlàyé rẹ̀ lọ báyìí: ẹni tó ń ta ọkọ̀ mọ inú rẹ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ. Nígbà tí ẹni tó ń rà kò bá lè dá ọkọ̀ dáadáa mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́, yóò máa bẹ̀rù kó má lọ san owó ọkọ̀ tó dára lórí èyí tó bàjẹ́, yóò sì máa fi ìbẹ̀rù yẹn díye lé gbogbo ọkọ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ tó dára kò ní fẹ́ tà á ní iye yẹn, yóò gbé e kúrò lọ́jà. Èyí tó burú ló máa ṣẹ́ kù.

Ẹ wá fi èyí wo ohun tí atajà wa ṣe. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí màmá ní láti fi mọ ohun tí atajà mọ̀ ni ìbéèrè rẹ̀. Atajà dí ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ń dín owó, ó rò pé òun ń fa oníbàárà mọ́ra, ṣùgbọ́n gbogbo owó tó ń dín ń sọ fún màmá pé ẹ̀rù tó ń bà á kò jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé nínú òwò ọkọ̀ àlòkù, dídá oníbàárà lóhùn lọ́nà tó péye ni ọ̀wọ̀. "Mà" àti "sà" dára, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n atajà yìí pe "mà" dáadáa nígbà tí a wọlé.

Ibi kejì kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin kan ló ń tajà níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì wà ní ìtòsí. Lẹ́yìn tó kí wa, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ta ló máa máa wà á, mà? Àwọn wo ló sì máa máa jókòó sínú rẹ̀?" Màmá sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un. Ìwé kékeré yẹn tún jáde, ọmọbìnrin náà sì fà ìjókòó, ó ń dáhùn ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò mọ̀, ó ní òun kò mọ̀, ó sì lọ bi ọ̀gá rẹ̀.

Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí màmá fẹ́ràn gan-an. Àwọ̀ rẹ̀ wù ú, owó rẹ̀ sì bá ohun tó ní lọ́wọ́ mu. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí nǹkan gidi kan tó ṣe é. Ọjà ti fẹ́ parí. Ọmọbìnrin náà ló ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì dìde láì fi ọwọ́ di nǹkan kan mú." Màmá jókòó. Ó ṣòro fún un láti dìde. "Bó ṣe máa rí fún màmá àgbà nìyẹn, yóò tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ yìí dára, mà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín. Ẹ má bínú, a ò ní èyí tó ga jù ú lọ báyìí."

Mo wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dá owó tó ti ń wọlé padà. Yorùbá ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: òtítọ́ kò rí ẹni rà á, a lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Àmọ́ kí a tó lọ, ó gba nọ́ńbà màmá, ó ní òun yóò pè é ní ọjọ́ Ẹtì, yálà ọkọ̀ dé tàbí kò dé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó pè. Ọkọ̀ kò tíì dé. Ó kàn ní kí òun sọ fún màmá pé òun kò gbàgbé. Ìpè yìí, tí kò gbé ọkọ̀ kankan wá, wà lára ohun tó ta ọkọ̀ náà ju ohunkóhun tí wọ́n kọ sára ògiri ilé ìtajà wọn lọ. Màmá fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé láti ọjọ́ yẹn ni òun ti dáwọ́ dúró láti máa wá ọkọ̀ kiri. Àwọn atajà tí mo mọ̀ máa ń pe oníbàárà nígbà tí wọ́n bá ní nǹkan láti tà fún un. Ọmọbìnrin yìí pè torí pé ó ti ṣèlérí.

Nígbà tí èyí tó yẹ dé, ó tún pè: "Ẹ bá mi sọ fún mẹkáníìkì yín, mà, a ò ní tan án kí ẹ tó dé. Á fẹ́ bá a ní tútù." Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù bí òru.

Kí n tó ṣí àpò irinṣẹ́ mi, ó ti mú màmá yí ọkọ̀ náà ká. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, wọ́n gbá a, wọ́n sì tún un kùn. Àwòrán bó ṣe rí kí wọ́n tó tún un ṣe nìyí. Taya iwájú méjèèjì ti tó pààrọ̀. A/C rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ó ti lọ́jọ́ lórí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀." Mo gbé ẹ̀rọ tó ń wọn nínípọn ọ̀dà sára ọkọ̀ náà. Ọ̀dà tí ọkọ̀ bá gbé jáde láti iléeṣẹ́ kì í sábà ju nǹkan bíi 100 sí 180 máíkírọ́ọ̀nù lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Gbogbo ara ọkọ̀ náà wà láàárín ìyẹn, àfi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ju 300 lọ. Ohun tó sọ gan-an ni. Mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára taya iwájú: 3517, ìyẹn taya tí wọ́n ṣe ní ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2017. Òótọ́ ló tún sọ.

Mo wo nọ́ńbà ṣáásì, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, mo fi wé ti etí ilẹ̀kùn àti ti inú ìwé ọkọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kò sì yẹ kí ẹ rí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀ láéláé, kí wọ́n má baà dàrú mọ́ 1 àti 0. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ọmọbìnrin náà ti fi nọ́ńbà yẹn béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà bóyá wọ́n ń pè é padà fún àtúnṣe kankan, bí wọ́n ṣe pe àìmọye mílíọ̀nù ọkọ̀ padà káàkiri ayé nítorí àléébù airbag tí iléeṣẹ́ Takata ṣe, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú láti dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá. Ìwé èsì rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí atajà fara balẹ̀ wò rèé. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tún kùn kan náà ni, yálà ẹ sọ ọ́ tàbí ẹ kò sọ ọ́. Bí mo bá fi ẹ̀rọ mi rí i kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ó di ẹ̀tàn, oníbàárà á sì máa ronú ohun mìíràn tí ẹ tún fi pamọ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́, tí ẹ̀rọ mi sì wá jẹ́rìí yín, èmi mẹkáníìkì tí wọ́n mú wá láti ta kò yín ti di ẹlẹ́rìí yín nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń dúnàádúrà, màmá sọ̀rọ̀ taya, wọ́n sì dín owó taya kúrò. Kò mẹ́nu ba ilẹ̀kùn rárá. Ó sanwó lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀, torí ọkọ̀ àlòkù kì í ṣe ọkọ̀ tuntun. Kò pẹ́ tí bátìrì fi kú. Bátìrì wà lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn yóò bójú tó fún oṣù mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà kò béèrè pé, "Kí lẹ ṣe sí i, mà?" gbólóhùn tó máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ atajà kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ibo lẹ wà báyìí?" Wọ́n gbé òmíràn lọ bá a.

Lẹ́yìn ìyẹn ni A/C dáwọ́ dúró. Èyí kò sí nínú àdéhùn. Mo wà lọ́dọ̀ màmá nígbà tó pè wọ́n, mo sì gbọ́ èsì náà: "Mà, ó dùn mí gan-an. A ò lè san owó èyí, kò sí nínú ìwé wa, mi ò sì ní fẹ́ máa fi ọ̀la dá yín lóhùn. Mo mọ ẹni tó ń tún un ṣe dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́, màá bá a sọ̀rọ̀ kó má jẹ́ kí owó pọ̀ lára yín." Màmá sanwó A/C fúnra rẹ̀. Kò ráhùn. "Ó ti sọ fún mi kí n tó rà á," ló sọ.

Mo ti rí ibi tí atajà ti bá oníbàárà jà lórí àtúnṣe tó kéré ju èyí lọ, kì í sì í ṣe torí pé wọ́n kọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe kọ̀ ló fà á: ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé, "ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" tí kì í tán, ọ̀gá tí kì í sí nílé. Ẹni tí ẹ bá sọ "rárá" fún ní kíá, tí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ hàn án, ẹ ti bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ ti dá àkókò rẹ̀ padà fún un.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ tún gbé mi dé ibi àkọ́kọ́ yẹn pẹ̀lú oníbàárà mìíràn. Ọ̀gá ibẹ̀ rántí mi, ó béèrè ìdí tí màmá kò fi ra ọkọ̀. Ó ti gbà pé owó ni. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, láì fi ọ̀kankan pamọ́. Ó gbọ́ mi dópin, lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé pé iye ọkọ̀ tí atajà kọ̀ọ̀kan bá tà lóṣù ni òun fi ń sanwó fún wọn, ẹni tí kò bá tà kò ní gbówó. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ìwà ọmọkùnrin kan lọ. Atajà tí oúnjẹ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ tó máa lọ lónìí yóò wo àwọn tó wọlé, yóò wá ẹni tó rò pé ó ní àṣẹ láàárín wọn, yóò sì ka ìbéèrè àwọn yòókù sí ìdènà. Ọmọbìnrin ti ibi kejì lè sọ pé ọkọ̀ kan kò yẹ oníbàárà torí pé ọ̀gá rẹ̀ dúró nítòsí, kò sì bá a wí. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọ̀wọ̀ tí oníbàárà ń rí gbà lọ́dọ̀ yín, ẹ wo ohun tí ẹ ń san owó fún. Ẹ wo ojú tiyín náà lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ yín bá sọ òtítọ́ tó lé owó padà.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin mẹkáníìkì. Àwa náà máa ń ṣe ohun tí atajà yẹn ṣe. A ó yẹ ọkọ̀ wò fún obìnrin tó gbé wa níṣẹ́, a ó wá lọ ròyìn fún ọkùnrin tó bá a wá. Tàbí ká kàn mi orí, ká ní, "Kò dáa," láìsọ ohun tí kò dáa. Ẹni tó gbé yín níṣẹ́ ni kí ẹ mú dé ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná, kó fojú ara rẹ̀ ka nọ́ńbà taya, kó rí ohun tí ẹ̀rọ yín kọ. Ẹ sọ èyí tó lè dúró àti èyí tí kò lè dúró fún un, àti bí àtúnṣe rẹ̀ ṣe le tó. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ pinnu bóyá òun yóò rà á.